Ẹ́límẹ́ǹtì, kọ́ńpáùndì, àdàlù: báwo la ṣe máa là á yé àwọn ọmọ SS1 yìí?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1, sáyẹ́ǹsì ni àwọn méjèèjì ń ṣe, tíṣà wọn wá to orúkọ nǹkan rẹpẹtẹ sójú bọ́ọ̀dù pé kí wọ́n pín in sí ẹ́límẹ́ǹtì, kọ́ńpáùndì àti àdàlù. Táyé ní ẹ́límẹ́ǹtì ni omi àti afẹ́fẹ́ torí pé nǹkan kan ṣoṣo lòun ń rí níbẹ̀, Kẹ́hìndé ní irọ́ ni, pé àdàlù ni omi torí wọ́n ní háídírójìn àti ọ́síjìn ló wà nínú ẹ̀. Idẹ, iyọ̀, èédú, ṣúgà, irin tó ti dógùn-ún, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń fà látàná, wọn ò jẹ́ n sinmi. Èmi ọjà ni mò ń tà, mi ò ka sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn há a sórí, torí ọmọ tó bá há a sórí, tí wọ́n bá gbé ohun tí kò sí nínú nóòtù síwájú ẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó tán nìyẹn. Kí ni kí n máa bi wọ́n tí wọ́n á fi lè rò ó fúnra wọn?

Tíṣà Ayétòrò:
Ẹ kú alẹ́ Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má há a sórí tẹ́ ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí tẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ojú ni wọ́n fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ojú ò lè dá a mọ̀. Ẹ bu iyọ̀ sínú ife omi kan kẹ́ ẹ rò ó pọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí kò níyọ̀, ta ló máa fi ojú yà wọ́n?

Ìbéèrè méjì lẹ máa bi wọ́n. Àkọ́kọ́: ǹjẹ́ a lè ya ohun tó wà nínú ẹ̀ sọ́tọ̀ láì sọ ọ́ di nǹkan míì? Ká sẹ́ ẹ, ká jọ̀ ọ́, ká jẹ́ kó silẹ̀ kó tòrò, ká gbé e sórí iná kí omi ara ẹ̀ gbẹ, ká fi òòfà fa irin inú ẹ̀ jáde. Bí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí bá yà á, àdàlù ni, ẹ ò ní í wá ẹlòmíì bi. Ẹni tó ń sẹ́ ògì láràárọ̀ ń ya àdàlù sọ́tọ̀ nìyẹn, èérí dúró sínú asẹ́, ògì àti omi kọjá, tó bá sì di ọjọ́ kejì ògì á ti silẹ̀ sísàlẹ̀ omi á wà lókè.

Ìkejì: bí gbogbo ìyẹn ò bá yà á, ǹjẹ́ ọ̀nà kẹ́mísírì kan wà tó lè tú u sí ohun méjì tàbí mẹ́ta tó kéré jù ú lọ, bí iná mànàmáná tàbí ooru tó le gan-an? Bó bá tú, kọ́ńpáùndì ni. Bí kò bá sí ọ̀nà kẹ́mísírì kankan tó lè tú u, ẹ́límẹ́ǹtì nìyẹn, irú átọ̀mù kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tí nǹkan fi di odidi, ló wà nínú ẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì tó wà lórí àtẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì báyìí jẹ́ 118, kí àwọn ọmọ yẹn lọ wò ó dáadáa, wọ́n máa rí wúrà, fàdákà, bàbà, irin, òjé, imí ọjọ́. Wọn ò ní í rí omi níbẹ̀. Wọn ò ní í rí afẹ́fẹ́, wọn ò ní í rí idẹ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti omi torí òun ló dá ìjà sílẹ̀. Òótọ́ ni Kẹ́hìndé sọ pé háídírójìn àti ọ́síjìn ló wà nínú omi, àmọ́ wọn ò kàn wà papọ̀ lásán, átọ̀mù wọn ti so mọ́ra. Háídírójìn dá wà, ó ń gbiná. Ọ́síjìn ló ń jẹ́ kí iná jó. Àwọn méjèèjì wá para pọ̀ di omi tá a fi ń pa iná! Nígbà tẹ́ ẹ bá rí i pé nǹkan ti pa ìwà tó ń hù tẹ́lẹ̀ tì pátápátá, kọ́ńpáùndì ló ti dà. Nínú àdàlù, oníkálukú ṣì ń hu ìwà tiẹ̀, omi iyọ̀ ṣì níyọ̀ lẹ́nu.

Kí Táyé náà má bínú o. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an fi gbà pé ẹ́límẹ́ǹtì ni omi, ọdún 1783 ni Lavoisier ará Faransé kéde pé ohun méjì ló di omi, nígbà tó di 1800 àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, Nicholson àti Carlisle, wá fi iná bátìrì tú u, gáàsì méjèèjì sì jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Tíṣà ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí ìmọ̀ yín. Mo ti pè wọ́n kí wọ́n wá kà á. Táyé ní òun fẹ́ mọ̀ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe jẹ́ tiẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé a ò lè sẹ́ ẹ.

Bàbá Rẹ̀mí:
Nígbà tiwa, ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ò le tó báyìí. Wọ́n ní èyí tẹ́ ẹ bá dáná sí, kọ́ńpáùndì ni, èyí tẹ́ ẹ kàn pò pọ̀ láì dáná, àdàlù ni. Ìyẹn á tètè yé àwọn ọmọ.

Tíṣà Ayétòrò:
Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Bá a bá gbé omi iyọ̀ sórí iná títí omi fi gbẹ, iyọ̀ wa náà la máa bá nísàlẹ̀ ìkòkò, iná ò sọ ọ́ di nǹkan kan. Irin tó sì dógùn-ún lẹ́yìnkùlé, ta ló dáná sí i? Afẹ́fẹ́ àti omi nìkan ló bá a, síbẹ̀ ohun pupa tó ń họ lára ẹ̀ yẹn ti kúrò ní irin, irin àti ọ́síjìn ti so pọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀ lára ẹ̀.

Iná máa ń ran kẹ́mísírì lọ́wọ́ lóòótọ́ sà. Àpẹẹrẹ tá a fi ń hàn wọ́n ní láàbù ni ìyẹ̀fun irin àti imí ọjọ́. Bá a bá pò wọ́n lásán, òòfà á fa irin jáde, imí ọjọ́ á ṣẹ́ kù, iye tó bá wù ẹ́ lo lè bù nínú ìkọ̀ọ̀kan. Bá a bá wá yan gíráàmù 7 irin àti gíráàmù 4 imí ọjọ́ lórí iná, á pọ́n yòò, ohun dúdú kan á jáde tí òòfà ò ní í lè fa irin kúrò nínú ẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dán ìyẹn wò nílé o, èéfín imí ọjọ́ burú fún àyà.

Ohun tí mo fi 7 àti 4 yẹn sọ gan-an ni pé kọ́ńpáùndì ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Nínú gíráàmù 18 omi tó mọ́ pátápátá, gíráàmù 2 ni háídírójìn, 16 ni ọ́síjìn, kó ti òjò wá, kó ti kànga wá, kó jẹ́ pé láàbù ni wọ́n ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àdàlù ò ní irú òfin yẹn, zobo tí ẹnì kan pò tó ki àti èyí tí ẹlòmíì pò tó ṣàn, zobo ni méjèèjì.

Wẹ́dà Old Garage:
Ẹ jẹ́ kí èmi dá Táyé lóhùn lórí afẹ́fẹ́ torí iṣẹ́ wa ni. Sìlíńdà ọ́síjìn tá a fi ń gé irin, inú afẹ́fẹ́ yìí náà ni wọ́n ti yọ ọ́ o. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ afẹ́fẹ́ di tútù gan-an títí á fi di olómi, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kó máa móoru díẹ̀díẹ̀, náítírójìn á kọ́kọ́ hó kúrò, ọ́síjìn á kù sẹ́yìn. Kò sí kẹ́mísírì níbẹ̀, tútù àti ooru lásán ni. Torí náà àdàlù ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀:
Òótọ́ ni Bọ̀dá Wẹ́dà sọ. Kí n fi nọ́ńbà sí i: náítírójìn ń hó ní −196°C, ọ́síjìn ní −183°C, ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ń lò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tá à ń mí, náítírójìn kó nǹkan bí ìdá 78 nínú 100, ọ́síjìn ìdá 21, gáàsì kan tó ń jẹ́ argon kò tó ìdá 1, kábọ̀n díọ́síàìdì kéré sí i, nǹkan bí 0.04. Ọ̀rinrin tó wà nínú ẹ̀ wá ń yí padà, tọyẹ́ ò rí bíi ti àsìkò òjò, kọ́ńpáùndì kankan ò ní í máa yí padà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin ará, ìlú aró la wà ní Òṣogbo yìí, ẹ jẹ́ ká fi aró kọ́ àwọn ọmọ wa. Gbogbo nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ ń sọ yìí ló wà nídìí ìkòkò aró.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi eérú. Ìkòkò tó ní ihò nídìí là ń da eérú sí, a ó da omi lé e, omi á máa kán bọ́ sínú ìkòkò tó wà lábẹ́. Ohun tó lè yòrò nínú eérú ti bá omi lọ, èyí tí kò lè yòrò dúró sókè. Yíyà lásán nìyẹn, àdàlù ni eérú jẹ́ látilẹ̀. Ohun tó ń bá omi sọ̀kalẹ̀ yẹn, èyí tó ń jẹ́ kó máa yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni pótásíọ́mù kábónéètì, kọ́ńpáùndì ni òun ní tiẹ̀.

Ewé elú wá ńkọ́? Ewé tútù, ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún un, ẹ ò ní í rí aró dúdú nínú ẹ̀, torí aró ò tíì sí níbẹ̀. Ohun míì ló wà nínú ewé. Ìgbà tó bá wọ omi eérú tó sì kan ni ohun yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í túká, tó ń di nǹkan míì. Ẹni tó bá ti dúró tì wá rí á mọ̀ pé aṣọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò kì í dúdú, ó máa ń rí bí ewé, bíi yẹ́lò díẹ̀, àfìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó ń yí, ó ń yí lójú ẹ báyìí, ó di búlúù. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ títí, kò ní í padà di ewé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí inú mi ń dùn, torí pé àwọn ìyá wa ti ń fi ojú àwọ̀ ka kẹ́mísírì yìí kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nílé ìwé, wọ́n mọ ìgbà tó kan tó, wọ́n mọ ìgbà tí kò tíì tó.

Aró búlúù yẹn gan-an, kọ́ńpáùndì ni, ohun mẹ́rin ló so pọ̀ nínú ẹ̀: kábọ̀n 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2. Ṣùgbọ́n omi inú ìkòkò aró, àdàlù gbáà ni, omi wà ńbẹ̀, eérú, ewé, aró, gbogbo ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Háà! Mo bí wọn sí Òṣogbo níbí, wọn ò rí ìdí ìkòkò aró rí. Ẹ jọ̀ọ́ ṣé a lè wá lọ́jọ́ Sátidé?

Ọmọ Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ máa bọ̀ mà. Kí wọ́n wọ aṣọ tí ẹ ò ní í bínú sí.

Wẹ́dà Old Garage:
Èmi náà ní ìbéèrè o. Tíṣà ní idẹ ò sí lórí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì, mo gbà. Àmọ́ àwọn tó ń da idẹ, inú iná tó gbóná janjan ni wọ́n ti ń yọ́ bàbà mọ́ síńkì, ó sì ń di nǹkan kan ṣoṣo, àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bàbà, ẹ ò lè fi ọwọ́ yà á, ẹ ò lè jọ̀ ọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní àdàlù? Irin tá à ń jó náà, wọ́n ní kábọ̀n wà nínú ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀:
Ìbéèrè yìí dáa gan-an bọ̀dá, torí WAEC fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀ ni. Idẹ kan wà tó jẹ́ bàbà 70 síńkì 30, òmíì jẹ́ 60 sí 40, idẹ ni gbogbo wọn ń jẹ́, ẹni tó ń da á ló ń yan iye tó fẹ́. Kọ́ńpáùndì ò ní í gbà fún un. Ẹ tún wo bó ṣe ń yọ́: bàbà tó mọ́ máa ń yọ́ ní 1085°C gééé, kì í ṣáájú, kì í pẹ́, ṣùgbọ́n idẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ níbì kan, á wá yọ́ tán níbi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó mọ́, yálà ẹ́límẹ́ǹtì tàbí kọ́ńpáùndì, ojú ibì kan ló ti ń yọ́, àdàlù ló máa ń fà á. Irin tẹ́ ẹ fi ń ṣe géètì, kábọ̀n inú ẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.2 nínú 100, bẹ́ẹ̀ irin inú ẹ̀ ò pa ìwà tì, òòfà ṣì ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi páànù òrùlé tí gbogbo wa ń pè ní síńkì kún un. Kì í ṣe síńkì lódindi. Èyí tó jẹ́ páànù onírin, irin ló wà nínú, síńkì ni wọ́n fi bò ó lára kó má baà dógùn-ún. Mo ti rí ọmọ tó kọ páànù sílẹ̀ pé ẹ́límẹ́ǹtì ni, tí inú ẹ̀ ò dùn nígbà tí wọ́n fa igi sí i pé kò gbà á.

Ìyá Elépo:
Ẹ kú ìjíròrò o. Epo pupa ńkọ́? Epo mi kò lábùlà, mi ò da nǹkan kan mọ́ ọn, ojúlówó ni, ṣé kọ́ńpáùndì ni ká pè é?

Tíṣà Ayétòrò:
Àdàlù ni mà, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ da nǹkan mọ́ ọn. Ṣé ẹ máa ń rí i lásìkò ọyẹ́ pé epo inú kẹ́ẹ̀gì máa ń dì nísàlẹ̀, tí èyí tó wà lókè ṣì ń ṣàn? Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni epo yẹn, ṣe ni ì bá dì pa pọ̀ tàbí kó máa ṣàn pa pọ̀. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan tètè ń dì, àwọn kan kì í tètè dì, ohun tó sì ń jẹ́ kó pọ́n tún yàtọ̀ síyẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń fi ọ̀nà yẹn yà á, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sẹ́ èyí tó ń ṣàn kúrò lára èyí tó dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo rọ̀bì, inú ẹ̀ ni pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù ti ń jáde, ibi tí oníkálukú ti ń hó ni wọ́n fi ń yà wọ́n.

Ìyá Elépo:
Ọyẹ́ yẹn ni mo máa fi ń ṣàlàyé fún kọ́sítọ́mà tó bá ń pariwo pé epo mi dì! Ẹ ṣé sà.

Nọ́ọ̀sì Ògo-Olúwa:
Mo ń kà á látẹ̀yìn. Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ àdàlù tí ojú rí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ojú ò rí kún un. Omi dírípù tá à ń gbé kọ́ sórí aláìsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní normal saline, mímọ́ gaara bí omi òjò, ẹ lè gbé e síwájú iná wò ó títí, ẹ ò ní í rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Síbẹ̀ gíráàmù 9 iyọ̀ ló wà nínú lítà kan ẹ̀. Àdàlù tó rí bákan náà níbi gbogbo nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ wá dà bí ohun pupa kan ṣoṣo, àmọ́ bá a bá fi èyí tí kò dì sínú ìgò tín-ínrín tá a gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bíríbírí, omi yẹ́lò á wà lókè, pupa á jókòó sísàlẹ̀.

Omi inú ọ̀rá tá à ń mu náà, iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú ẹ̀, àdàlù ni. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù níbi tí wọ́n ti ń se omi kànga, ibẹ̀ ló ti wá. Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé bí ìdánwò bá sọ pé "omi" lásán, omi tó mọ́ pátápátá ló ń sọ, kọ́ńpáùndì ni kí wọ́n kọ. Bó bá sọ pé omi òkun, omi odò, omi ẹ̀rọ, àdàlù.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Èédú ńkọ́? Ìjà èédú ò tíì parí nílé yìí.

Tíṣà Ayétòrò:
Èédú tẹ́ ẹ fi ń dáná, kábọ̀n ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì sì ni kábọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jó tán, kì í ṣẹ́ ku eérú? Kábọ̀n á bá ọ́síjìn lọ gẹ́gẹ́ bíi gáàsì, eérú ò lọ, ìyẹn fi hàn pé nǹkan míì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "kábọ̀n" sínú ìdánwò, kí wọ́n mú ẹ́límẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá kọ "èédú inú àdògán", ọmọ tó bá kọ àdàlù tó sì sọ ìdí eérú yẹn, èmi máa fún un ní máàkì ẹ̀ kíkún.

Ti ṣúgà rọrùn láti fi hàn wọ́n, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bu ṣúgà díẹ̀ sínú ṣíbí irin àtijọ́ kan, ẹ fi nǹkan nípọn di ọwọ́ ṣíbí mú, ẹ gbé e sórí iná. Á yọ́, á pọ́n, á wá dúdú, ooru omi á máa jáde lára ẹ̀. Dúdú yẹn, kábọ̀n ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú ohun funfun tó ń dùn lẹ́nu ni kábọ̀n dúdú ti jáde, ẹnikẹ́ni ò sì lè sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà kọ́ńpáùndì ni ṣúgà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ èyí fún wọn torí ó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Kí wọ́n máa wo lẹ́tà ńlá tó wà nínú fọ́múlà, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kọ ohun tó wà nínú nǹkan. Lẹ́tà ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹ́límẹ́ǹtì kan. Co, lẹ́tà ńlá kan àti kékeré kan, kóbọ́ọ̀tì nìyẹn, ẹ́límẹ́ǹtì. CO, lẹ́tà ńlá méjì, kábọ̀n àti ọ́síjìn ló so pọ̀, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́jú nìyẹn, tí kò ní òórùn tí kò ní àwọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé jẹnẹ sínú ilé tàbí sí abẹ́ fèrèsé, mi ò lè dárúkọ gáàsì yẹn kí n má sọ ìyẹn.

Èkejì, kí wọ́n má rí nọ́ńbà 2 lábẹ́ O kí wọ́n sáré kọ kọ́ńpáùndì. O2, átọ̀mù ọ́síjìn méjì ló di ara wọn mú, O3 mẹ́ta, imí ọjọ́ máa ń di mẹ́jọ mú, S8. Ẹ́límẹ́ǹtì ṣì ni gbogbo wọn torí irú átọ̀mù kan náà ni. Ó dìgbà tí irú átọ̀mù méjì ó kéré tán bá so pọ̀ ká tó sọ pé kọ́ńpáùndì.

Alhájì Sábó:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Wúrà tí àwọn obìnrin wa ń wọ̀ lọ sóde, ẹ́límẹ́ǹtì ṣebí?

Tíṣà Ayétòrò:
Ó dọwọ́ irú èyí tí ẹ rà sà. Kárátì 24 ni wúrà tí kò ní nǹkan míì nínú, ìyẹn ló lè pé ní ẹ́límẹ́ǹtì. Kárátì 18, ìdá 75 nínú 100 ni wúrà ẹ̀, bàbà tàbí fàdákà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, torí wúrà nìkan rọ̀ jù, á máa tẹ̀. Àdàlù ni kárátì 18. Wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí náà, bó ṣe ń jáde nínú ilẹ̀, àdàlù ni òun àti òkúta, wọ́n ṣì máa yà á.

Wẹ́dà Old Garage:
Ìyá Ìbejì, nígbà tẹ́ ẹ bá ń ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, màá bu ìyẹ̀fun irin tó ń bọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, màá sì yá wọn ní òòfà inú sípíkà kan tó ti bàjẹ́. Kí wọ́n fi ọ̀rá wé òòfà yẹn kí wọ́n tó lò ó, bí irin bá lẹ̀ mọ́ ọn láìwé e, á pẹ́ kí wọ́n tó họ ọ́ tán.

Tíṣà Ayétòrò:
Ẹ ṣé Bọ̀dá Wẹ́dà. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n pò irin yẹn mọ́ yanrìn àti iyọ̀, kẹ́ ẹ má sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn, ẹ kàn ní kí wọ́n yà á sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà sí i díẹ̀. Òòfà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà kí wọ́n da omi sí ìyókù kí iyọ̀ yòrò, kí wọ́n fi aṣọ sẹ́ yanrìn kúrò, kí wọ́n gbé omi tó kù sórí iná kékeré títí iyọ̀ á fi jáde. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ da omi sí i, irin á rin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ẹ tún ra ṣọ́ọ̀kì funfun kan àti bírò aláwọ̀ dúdú tí àwọn ọmọ fi ń kun àwòrán, èyí tí omi lè fọ̀ kúrò ni o, kì í ṣe tí kì í parẹ́. Kí wọ́n fi bírò fa ìlà yí ṣọ́ọ̀kì ká, sókè díẹ̀ sí ìdí ẹ̀, kí wọ́n gbé e dúró nínú omi tí kò ga dé ibi ìlà yẹn. Omi á máa gun ṣọ́ọ̀kì lọ, á máa fa dúdú yẹn lọ́wọ́, á sì yà á sí àwọ̀ tó wà nínú ẹ̀, púpù lè wà ńbẹ̀, búlúù, yẹ́lò, ó dọwọ́ irú bírò tẹ́ ẹ bá rà. Kí Táyé tó ní ojú òun ń rí nǹkan kan ṣoṣo ló mú ṣọ́ọ̀kì yẹn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́hìndé ń bi yín bóyá wọ́n lè tú omi bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì yẹn nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀:
Wọ́n lè ṣe é bí àgbà bá wà níbẹ̀. Bátìrì fólítì 9 kan, pẹ́ńsù méjì tí wọ́n gbẹ́ ní ìdí àti orí kí dúdú inú ẹ̀ yọ, wáyà tín-ínrín méjì láti so wọ́n mọ́ bátìrì, ife omi kan. Kí wọ́n yòrò káún díẹ̀ sínú omi kí iná lè rìn nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ má lo iyọ̀ o, iyọ̀ á mú gáàsì kílórínì jáde, kò dáa fún mímí. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí iná ìdáná má sí nítòsí. Kí wọ́n má jẹ́ kí pẹ́ńsù méjèèjì kanra. Gáàsì á máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára àwọn méjèèjì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìyọkúrò lára bátìrì á pọ̀ ju ìkejì lọ. Kó sọ fún wa èwo ni háídírójìn nínú méjèèjì àti ìdí tó fi pọ̀ jù, fọ́múlà omi ti sọ ọ́ tán, kó wò ó dáadáa.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Ó ní H2O, H méjì O kan, torí náà èyí tó pọ̀ jù ni háídírójìn. Ó ti ń wá pẹ́ńsù kiri báyìí, mo ní ó dọ̀la.